Kí A Tètè Rí Jẹjẹrẹ Awọ Ara

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ tàbí ti inú ìfun lè fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura, ṣùgbọ́n ti awọ ara, gbangba ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú lè rí i, tí ọwọ́ sì lè kàn án. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń tọ́jú ni wọ́n ti ń rí àmì náà lára wọn fún oṣù pípẹ́, tí wọ́n kà á sí èéwo tàbí ibi tí bàtà ha, nítorí pé kò dùn wọ́n. Àìdunni yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí jẹjẹrẹ awọ ara kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Méjì nínú wọn a máa hàn bí kókó tí ń dán, tàbí bí egbò tí ó ń sé èépá, tí èépá náà ń ṣí, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó tún ń sé èépá, tí kò sì jinná. Ẹ̀kẹta ni melanoma, tí ó máa ń ti ara sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pèsè àwọ̀ dúdú inú awọ wa bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni àwa dókítà ń bẹ̀rù jù.

Bí melanoma ṣe jìn wọ inú awọ tó ni a fi ń mọ bí ó ṣe le tó, ọ̀nà ìwọ̀n tí dókítà Alexander Breslow gbé jáde lọ́dún 1970. Ìpele òkè awọ, tí kò nípọn ju ojú ìwé kan lọ ní ọ̀pọ̀ ibi lára, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí àrùn náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò rí ọ̀nà gbà lọ síbòmíràn, a ó gé e kúrò, aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìpele tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, tí ó lè gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ènìyàn tí a rí tiwọn kí ó tó kúrò lójú kan, ó lé ní 95 tí àrùn náà kò ní pa láàárín ọdún 5. Bí ó bá ti dé ọ̀nà jíjìn, iye náà kò tó 40.

Àwọn ohun tí a ń wò kò ṣòro: àmì tí apá rẹ̀ kan kò bá èkejì dọ́gba, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tí àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tí ó fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, tàbí tí ó ń yí padà. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ìyípadà ni n ó mú. Àwọn melanoma kan kéré ju mílímítà 6 lọ, nítorí náà ẹ má fi rúlà tan ara yín jẹ.

Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Lóòótọ́, àwọ̀ wa ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, ṣùgbọ́n melanoma tiwa sábà máa ń wà níbi tí oòrùn kì í dé: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i lọ́dún 1977, ó sì kú lọ́dún 1981 ní ẹni ọdún 36. Bí mo bá fi awò oníná tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó máa ń rí bí oko tí a kọ ebè sí. Bí dúdú náà bá wà nínú poro, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Bí ó bá gun orí ebè, mo máa ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ní ti èékánná, ìlà dúdú lórí ìka púpọ̀ kì í sábà jẹ́ nǹkan bàbàrà fún aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ń fẹ̀ sí i, tí dúdú rẹ̀ sì ń tàn sí awọ ìdí èékánná, kò yẹ kí ó dúró di ọ̀la. Bákan náà ni egbò àdáàjinná tí ó hù lójú àpá iná àtijọ́.

Ṣé kí gbogbo ènìyàn wá máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún ni? Ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí ó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2023 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí àmì kankan, èmi náà kò sì ní sọ ọ́. Àwọn àfín, ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ awọ rí, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní melanoma, àti àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún ni mo ń fẹ́ máa rí lóòrèkóòrè.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa wo ara yín lẹ́yìn ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ lo dígí fún ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ya àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sì bẹ ará ilé yín kó bá yín wo àtàrí. Àmì tí ẹ bá ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ fi fóònù yà á pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè fi wé ti oṣù tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de oṣù kankan. Ẹ má fi kẹ́míkà jó o, nítorí ohun tí ó bá ti jóná kò ṣeé yẹ̀ wò mọ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ nu ọ̀dà kúrò lórí èékánná, tọwọ́ tẹsẹ̀, kí ẹ tó wá bá dókítà.