Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: ibi tí omi òrùlé ń bọ́ sí ló ń sọ iye ọdún tí ilé máa lò

Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Kétu, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kò mọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, Ìyá àgbà mi á ti máa ké láti inú ilé: "Ẹ gbé ìkòkò sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó dà nù!" Àwa ọmọ á sáré to garawa, ìkòkò àti agbada sí abẹ́ etí òrùlé. Omi tó ń já bọ́ níbẹ̀ bí okùn, òun là ń pè ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Orí ilẹ̀ pupa tó ga ni ìlú wa wà, kànga wa jìn, nítorí náà ọ̀rẹ́ ni a ka omi yìí sí.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn mọlémọlé ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wọn bí ẹni ń dárúkọ olè. Bí wọ́n bá dé ìdí ilé tó ti gbó, wọn kì í wo ògiri lákọ̀ọ́kọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wá ìlà tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ díwọ̀n bí ó ṣe jìnnà sí ògiri tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé kan wà tí òrùlé rẹ̀ gùn ní míìtà 8, tó sì fẹ̀ ní míìtà 6. Bí òjò tó jẹ́ mìlímítà 30 bá rọ̀ lé e, omi tó bọ́ sórí òrùlé náà á jẹ́ lítà 1,440. Ó ju àgbá oní-lítà-200 méje lọ. Bí òrùlé náà bá dà sí apá méjì, lítà 720 ló máa já sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í sì í já sílẹ̀ kó dákẹ́. Ó ń ta. Ó ń gbé ẹrẹ̀ sókè dé ojúgun, ó sì ń fi í na ẹsẹ̀ ògiri, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí òjò fi dá. Ìgbà òjò méjì la sì ní lọ́dún.

Ẹ wò ó bí àwọn baba wa ṣe bá a jà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi rọ̀ dáadáa, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà nípọn nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń ga. Ibi tí yangí bá wà, yangí ni wọ́n ń tẹ́ sí ìdí rẹ̀, kí amọ̀ má baà jókòó lórí ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn náà ni òrùlé bẹ́ẹ̀rẹ̀, tí etí rẹ̀ yọ jáde ju apá ènìyàn lọ. Etí òrùlé yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà wà: ó gbé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ síta.

Ilé ìdáná wa rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, a sì máa ń rò pé àìlówó ló fà á. Nígbà tí a rówó ra páànù, a gbé òrùlé ga, a sì gé etí rẹ̀ sún mọ́ ògiri kí páànù má baà pọ̀ jù. Kò yọ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ó dára lójú gan-an. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ẹsẹ̀ ògiri ti ń wọnú bíi pé eku ń jẹ ẹ́. Ẹnìkan ní ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, a sì rẹ́ ẹ. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ bó bá tutù, a sì máa súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe é, ó kàn ń sán ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, omi sì ni aláǹgbá tiwa. Ó gba ojú sísán wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, a jí, a bá sìmẹ́ńtì náà nílẹ̀ lódindi bí èèpo iṣu. Mo ti ìka bọ amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń fi ìtì igi kọ́lé ní ilẹ̀ òtútù bá ọ̀tá kan náà jà, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ní Nọ́wè, Finland àti Rọ́ṣíà, wọ́n ń tò ìtì igi páìnì lé ara wọn ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n á gé orígun wọn kí ọ̀kan lè jókòó sínú èkejì. Ẹ kíyè sí ohun kékeré kan: bí wọ́n bá ń gbẹ́ kòtò gígùn tó ń mú kí ìtì méjì bára mu, abẹ́ ìtì òkè ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ sí, kì í ṣe orí ìtì ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ orí tìsàlẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, á di ọpọ́n tó ń gba omi dúró. Ìtì àkọ́kọ́ kì í fara kan ilẹ̀, orí òkúta ló ń jókòó. Òrùlé sì ń yọ kọjá ògiri.

Wọ́n jìyà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onígi àkọ́kọ́ ní Nọ́wè, tí igi wọn dúró ní òòró, inú ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ri òpó wọn sí. Ìdí òpó jẹrà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì dúró lónìí. Àwọn tó tẹ̀lé wọn gbé òpó kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n gbé e lé igi ìdábùú, igi ìdábùú sì wà lórí òkúta. Ọ̀kan nínú irú èyí ni ṣọ́ọ̀ṣì Urnes, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1130. Ó ṣì wà, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1979. Ní erékùṣù Kizhi ní Rọ́ṣíà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó ní òrùlé roboto 22, tí wọ́n fi ìtì igi kọ́ ní 1714. Ó ga tó míìtà 37.

Olú ló ń jẹ igi rà, olú kò sì lè ṣiṣẹ́ bí omi inú igi kò bá tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ. Igi lè tutù lónìí. Bó bá ráyè gbẹ, kò sí wàhálà. Èyí tí kò ráyè gbẹ ló ń kú. Lọ́dọ̀ tiwa, ikán tún wà níbẹ̀, nítorí náà ìrókò, apá tàbí ayìn ni àwọn àgbà ń wá fún òpó, inú igi tó pọ́n ni wọ́n sì ń lò. Apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo, ikán ń jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ ti ìrókò.

Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè wa. Amọ̀ ni. Ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, àwọn èèyàn padà wá tún un tẹ̀ dó lẹ́yìn náà. Odi amọ̀ tó yí ìlú ká kò ní òrùlé. Lẹ́yìn ogun, òjò ti jẹ ẹ́ di òkìtì ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹnubodè tó ní òrùlé ṣì dúró, a ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

A ti tún ilé ìdáná náà ṣe. A ha gbogbo sìmẹ́ńtì kúrò, a fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko dí ibi tó jẹ, a sì so páànù mìíràn mọ́ etí òrùlé kó lè yọ tó ìwọ̀n apá kan. Ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí báyìí, a gbẹ́ ojú ṣíṣàn kékeré síbẹ̀, a kó yangí wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí omi má baà ta. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ mú igi tín-ín-rín kan jáde, kí ẹ gún un sílẹ̀ níbi tí omi òrùlé yín ń já sí. Bí òjò bá dá, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n dé ìdí ògiri, kí ẹ sì tẹ amọ̀ ibẹ̀ wò bóyá ó tutù.