Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Wo Ojú Rẹ̀

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, tó ní rédíò nínú, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, láti Ìsánlú. Wọ́n fi ìró àtijọ́ wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Òkun o, Ẹnjiníà. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tàn án, ó dún pó, ló bá dákẹ́."

N kò tíì tú u tí òórùn wáyà tó jó ti sọ ọ̀rọ̀ tán fún mi. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn, mo fi ìka han ibi tí wọ́n kọ 120V, ìyẹn fóòltì 120, sí. Bàbá yọ awò, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún kà á. "Ṣé iná tiwọn kì í ṣe iná ni?"

Iná ni, àmọ́ tiwa lágbára ju tiwọn lọ. 120V ni ti Amẹ́ríkà, 100V ni ti Japan, 230V ni tiwa níbí. Àwọn ẹ̀rọ ọdún 1970 sí 1980 tí gbogbo èèyàn tún ń wá kiri báyìí, Sansui, Pioneer, Marantz, Technics, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún ilé tiwọn lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo àtijọ́, tó tún fẹ́ wo sinimá nílé lówó pọ́ọ́kú, pé kó má jẹ́ kí orúkọ tó ń dán lójú ẹ̀rọ gba ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà etí sípíkà.

Àwọn ẹ̀rọ kan ní ohun tí wọ́n fi ń yan iná lẹ́yìn: 110, 120, 220, 240. Ẹ yí i sí 220 tàbí 240 kí ẹ tó fi pọ́ọ̀gì bọ iná rárá. Tí kò bá ní, ẹ ra sìtẹ́pù-dáùn, àpótí tó ń sọ 230V di fóòltì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí wáàtì rẹ̀ sì ju wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 300, ẹ ra ti 500 fún un. Fíúsì tó bá ń já léraléra, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ẹ má fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, owó tí mo fi ra tàràńsífọ́mà oníbàárà (ohun tó ń yí fóòltì padà nínú ẹ̀rọ) padà ju owó oúnjẹ mi oṣù kan lọ.

Ẹ̀rọ àgbà tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ má kàn án mọ́ iná tààrà. Gílóòbù wáàtì 100, èyí tó máa ń gbóná, tó ń tàn pupa rẹ́súrẹ́sú, kì í ṣe ti ìgbàlódé, ni kí oníṣẹ́ iná so sójú ọ̀nà wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ẹ̀rọ náà. Tí gílóòbù bá tàn yẹ́ẹ́ tó sì rọlẹ̀, ara ẹ̀rọ náà yá. Tó bá tàn rokoṣo tí kò rọlẹ̀ mọ́, nǹkan ti kan ara nínú lọ́hùn-ún. Ẹ yọ ọ́ kíákíá. Gílóòbù yẹn ni yóò jẹ ìyà tí ẹ̀rọ ì bá jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni mítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn iná. Ẹ má tíì so sípíkà kankan. Ẹ gbé mítà sí DC kékeré, ìyẹn iná bíi ti bátìrì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ojú ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀. Tí kò bá ju 50 mV (mílífóòltì) lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ti kọjá 100, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́, torí inú kọ́ìlì sípíkà, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, ni iná yẹn yóò máa rọ́ lọ, yóò sì sun ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìsí ariwo.

Ọ̀rọ̀ sípíkà ló dùn mọ́ mi jù. Tí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún náírà láti ná, àádọ́ta rẹ̀ ni kó lọ síbẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀, ìyẹn òrùka rírọ̀ tó yí bébà rẹ̀ ká. Tó bá jẹ́ fóòmù, tó sì fọ́ lọ́wọ́ yín bí àkàrà àná, ẹ má sá. Orí ìyẹn gan-an ni kí ẹ ti ná an wálẹ̀, torí òrùka tuntun wà lọ́jà, gọ́ọ̀mù àti sùúrù ló kù. Tó bá jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ, ó ṣeé ṣe kó ti gbó ju yín lọ kó sì ṣì le. Ẹ wá fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti bébà náà sẹ́yìn lọ́gbọọgba. Tí ẹ bá gbọ́ gìrẹ̀gìrẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ha pákó, kọ́ìlì ti jó tàbí kó ti yẹ̀. Ẹ kí olówó rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Sípíkà tí wọ́n kọ ohm 8 (bí ó ṣe ń dènà iná tó) sí lára, mítà yóò kà á sí nǹkan bí 6. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní ti sinimá, n ò fẹ́ràn àwọn páálí hóòmù tíátà olówó pọ́ọ́kú tó ní àpótí ike márùn-ún. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ máa ń há. Sípíkà méjì tó dáa, tí ẹ gbé sí ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ó fi bá wọn ṣe igun mẹ́ta, yóò mú kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèré bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ gan-an ló ti ń jáde. Búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ǹtì, ẹ wé aṣọ mọ́ ọn, ó ṣe é gbé sípíkà lé. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ so kọ́tìnnì tó nípọn. Yàrá wa tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì nìkan máa ń dá ohùn padà bí inú kòtò.

Tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé ní ojú kékeré kan tó ń tàn pupa, tí wọ́n kọ optical sí. Àpótí kékeré kan wà lọ́jà tó ń sọ ìyẹn di wáyà pupa àti funfun. Ẹ gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sí PCM, ìyẹn ohùn tí wọn kò fún pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan tàbí kí ẹ gbọ́ ariwo lásán. Ihò AUX lẹ́yìn áńpílífáyà ni ẹ ó fi wáyà náà bọ̀. Ihò tí wọ́n kọ phono sí jẹ́ ti ẹ̀rọ àwo nìkan. Ohun mìíràn tí ẹ bá fi síbẹ̀ yóò ha yín létí.

Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Ẹni tó ń wé wáyà tàràńsífọ́mà ní Ìlọrin ló wé tiwọn tuntun sí 230V. Mo pààrọ̀ kapasítọ̀ mẹ́rin (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) tó ti wú, mo sì fọ́n oògùn ìfọ̀ sínú ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè. Rédíò rẹ̀ mú ohùn wá bí agogo. Inú wọn dùn, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ àwo tó bá a dé, mo bá fi sìtẹ́pù-dáùn tàn án, mo gbé àwo jùjú kan sí i. Olórin náà ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ṣé ọjọ́ ogbó ti mú un ni?"

Mọ́tò ẹ̀rọ àwo náà ń tẹ̀lé iná ilé. 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni ti Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa, sìtẹ́pù-dáùn kò sì lè yí ìyẹn padà, nítorí náà àwo tó yẹ kó yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan kò yí tó méjìdínlọ́gbọ̀n. Pọ́ọ̀lì kékeré kan, ìyẹn àgbá tó wà lẹ́nu mọ́tò, tó tóbi ju tiwọn lọ díẹ̀ ló lè tún un ṣe, wọ́n sì ti ní kí ọmọ wá a ránṣẹ́. Kò tíì dé. Ní báyìí, rédíò ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ iye tí tàràńsífọ́mà náà jẹ́ fún Màmá.