Ìdánwò sọ́fítíwià láti inú àwòṣe

Ìdánwò láti inú àwòṣe jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà yẹ sọ́fítíwià wò. Dípò kí ènìyàn jókòó máa kọ ìdánwò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò kọ àpèjúwe bó ṣe yẹ kí sọ́fítíwià náà máa ṣe, kọ̀ǹpútà yóò sì fa ìdánwò yọ nínú rẹ̀. Àpèjúwe yìí ni àwòṣe. Kò gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ méjì, nítorí ẹ̀rọ ni yóò kà á.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àwòṣe onípò, tó ń to àwọn ipò tí ètò lè wà àti ohun tó ń gbé e bọ́ sí ipò mìíràn. Ká fi ẹ̀rọ ATM ṣàpẹẹrẹ, èyí tó máa ń gbé káàdì mì bí ènìyàn bá ṣi PIN tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ipò mẹ́ta ló wà kó tó gbé e mì: kò tíì ṣì í tẹ̀, ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà mẹ́rin ló jáde níbẹ̀, mẹ́ta já sí PIN tó tọ̀nà, ọ̀kan já sí káàdì tó há. Bí a bá fi bọ́tìnnì ìfagilé kún un, mẹ́ta mìíràn tún yọ. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, tó fagi lé e, tó tún ki káàdì bọ̀ ọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀? Ẹni tó ń fọwọ́ kọ ìdánwò lè gbàgbé ìbéèrè yìí. Ẹni tó ń ya àwòṣe kò lè fò ó, torí ọfà tó fi ń ya ìbọ́sípò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ já sí ipò kan. Báyìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ṣe ń hàn kí wọ́n tó ṣe ìdánwò kankan rárá.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Tsun S. Chow gbé ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà W jáde ní 1978 fún fífa ìdánwò yọ nínú àwòṣe onípò. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn, Jan Tretmans, gbé ìlànà ioco kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, èyí tó ń sọ ìgbà tí sọ́fítíwià bá àwòṣe rẹ̀ mu. Nínú ìlànà yìí, sọ́fítíwià kò gbọ́dọ̀ dáhùn ohun tí àwòṣe kò fàyè gbà, ìdákẹ́jẹ́ pàápàá sì jẹ́ ìdáhùn. Microsoft lo Spec Explorer, irinṣẹ́ tirẹ̀, láti yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ Windows wò, ìyẹn àwọn ìlànà tí Windows fi ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀.

Ìṣòro tó le jù ni pé ipò máa ń pọ̀ kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà lè tọ̀ tán. PIN onínọ́ḿbà mẹ́rin nìkan jẹ́ 10,000. Ìdí nìyẹn tí àwòṣe ATM yẹn fi kó gbogbo wọn sí ìsọ̀rí méjì péré, èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Àwòṣe fúnra rẹ̀ sì lè ṣì. Bó bá kọ ẹ̀ẹ̀mẹrin níbi tí báńkì ti sọ ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gbogbo ìdánwò tó jáde nínú rẹ̀ yóò máa retí.