Ara Ènìyàn, Ìjẹ̀bú Ni

Bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, àwọn télọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde kì í rójú sùn mọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba, kò sì sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn fi aṣọ ju òun lọ níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Aṣọ ti délẹ̀, owó ti wọlé, télọ̀ ti fi téèpù wọn àyà, ó ti wọn ìdí. Ikùn ló kù. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń dá ètò tiwọn sílẹ̀: tíì láìsí mílíìkì láàárọ̀, omi lọ́sàn-án, gaàrí ife kan lálẹ́, kí wọ́n ṣáà rí nǹkan fi sùn. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n gun òṣùwọ̀n, kílò mẹ́ta ti lọ. Inú á dùn dé ọrùn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kílò mẹ́ta yẹn, omi ni. Ara máa ń kó ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, glycogen lorúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lára àgbàlagbà kì í sábà ju giramu 500 lọ. Giramu kan rẹ̀ máa ń gbé omi bíi giramu 3 dání. Bí oúnjẹ bá ti já, òun ni ara kọ́kọ́ ń nawọ́ sí, bó bá sì ṣe ń tán lọ, omi tó gbé dání á bá ìtọ̀ jáde. Ọ̀rá ò lè yá tó bẹ́ẹ̀, ìṣirò ò gbà á. Kílò kan ọ̀rá ara ní bíi kálórì 7,700 nínú. Ẹni tó ń ná 2,000 lóòjọ́, bí kò tilẹ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, 10,000 ni gbogbo ohun tó máa ná. Ìyẹn ò tó kílò kan ààbọ̀ ọ̀rá. Ibo wá ni ìyókù lọ? Ṣáláńgá.

Ọ̀rọ̀ kálórì fúnra rẹ̀ kò gùn. Òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ ni: giramu kan ọ̀rá ní 9, ti purotíìnì ní 4, ti sítáàṣì ní 4, ti ọtí ní 7. Kí ènìyàn tó lè fọn, ohun tó ń wọlé gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tó ń jáde, kò sí ẹni tó lè yẹ òfin yẹn sílẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé ara tó ń náwó yìí ní ojú, ó sì ní ọgbọ́n. Wọn ò lè máa gé owó oúnjẹ rẹ̀ kó jókòó máa wò wọ́n.

Àwọn ará ibòmíràn máa ń fi Ìjẹ̀bú ṣẹ̀fẹ̀ pé ahun ni wọ́n. Kì í ṣe ahun, ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ẹja inú fíríìsà ní ọjà Òkè-Ajé. Ọjà kú lójijì, owó tó ń wọlé di ìlàjì. Ìyá yìí ò ní ti ṣọ́ọ̀bù. Jẹnẹrétọ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, á di wákàtí mẹ́ta. Ọ̀dà tó fẹ́ kùn sára ògiri, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ń nu ilẹ̀, á ní kó máa wá lọ́jọ́ méjì síra wọn. Ó lówó ní bánkì o, ó sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń fà sí i náà ló ń fà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bọ́ sára fíríìsà mẹ́rin tó ń jẹ iná lójoojúmọ́. Ẹja tó wà nílẹ̀ ò kún ju méjì lọ. Kí ló ń fi méjì tó kù ṣe? Ó tà wọ́n.

Owó bánkì ni ọ̀rá. Fíríìsà ni iṣan. Kílò kan iṣan ń ná bíi ìlọ́po mẹ́ta ohun tí kílò kan ọ̀rá ń ná, bí ènìyàn tilẹ̀ sùn gbalaja. Nítorí náà, bí ebi bá pọ̀ jù tí ó sì pẹ́ jù, ara á wo iṣan tí ẹnikẹ́ni ò fi gbé nǹkan wúwo, tí purotíìnì ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u tà. Òṣùwọ̀n ò mọ ìyàtọ̀. Kílò ni kílò lójú tirẹ̀.

Iná tí ara ń pa náà kò ṣòro mọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa tutù. Họ́mónù tó ń ti iwájú ọ̀nà ọ̀fun sáré wá á dín kù, ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ìta á kàn ṣàdédé máa pe ọ̀kadà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti yí padà. Nǹkan oṣù obìnrin lè dáwọ́ dúró. Ọpọlọ nìkan ni wọn ò pa iná rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bíi ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ara ń ná nígbà ìsinmi ló ń lọ síbẹ̀. Irun ló burú jù, nítorí kì í tètè sọ̀rọ̀. Irun tí ebi bá máa já, ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó já. Ojúde Ọba á ti lọ, fọ́tò á ti wà lórí Facebook, gèlè á ti wọ àpótí, kí irun tó máa bá òòyà wá ní ìdì ìdì. Ta ló máa rántí gaàrí ife kan?

Àwọn kan ti dán ebi yìí wò lábẹ́ ìṣọ́. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú ogun. Fún bíi oṣù mẹ́fà, wọ́n ń fún wọn ní nǹkan bíi kálórì 1,570 lóòjọ́, ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n sọ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn nù. Òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ohun tí ara wọn ń ná nígbà ìsinmi sì wálẹ̀ tó bíi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ka ìtàn ìfẹ́. Ẹ sì wo 1,570 yẹn dáadáa: tíì, omi àti gaàrí ife kan kò sún mọ́ ọn rárá.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí gan-an ló tú àṣírí irọ́ kan tó ti di òwe lẹ́nu àwọn olùkọ́ ní ibi ìdárayá: "Bí o bá jẹun kéré jù, ara á ti ilẹ̀kùn, o ò ní fọn mọ́, ńṣe ni wàá máa sanra." Ó ń bíni nínú. Kò sí ara tó lè fi afẹ́fẹ́ ṣe ọ̀rá. Àwọn ti Minnesota fọn títí egungun wọn fi hàn. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró sójú kan, ìnáwó ara rẹ̀ ti wálẹ̀, tàbí ara ń mú omi dúró, tàbí kẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìnáwó kan wà tí kò kọ sílẹ̀: ẹran òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀pà ìkúnwọ́ níbi tí wọ́n ti ń rà á, òróró tó ṣẹ́ kù sí ìdí ọbẹ̀. Ìjìyà ebi àpọ̀jù kì í ṣe pé ènìyàn ò ní fọn. Ohun tó fi ń fọn ni ìjìyà, àti ohun tó ń tẹ̀ lé e.

Nítorí ọjà tún padà. Ojúde Ọba parí, ikòkò jó, ìkọ́kọrẹ́ délẹ̀. Kí ni ìyá ẹlẹ́ja kọ́kọ́ ṣe? Kò lọ ra fíríìsà. Bánkì ló gbà lọ, ta ló mọ̀ bóyá ọjà á tún kú lọ́la? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Minnesota: nígbà tí oúnjẹ padà, ọ̀rá ló kọ́kọ́ dé, ó tilẹ̀ kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kí iṣan tó padà bọ̀ sípò. Ní 2016, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ènìyàn 14 tó ti fọn gan-an níbi ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ara wọn ṣì ń ná bíi kálórì 500 lóòjọ́ dín sí ohun tó yẹ kó máa ná. Àwọn télọ̀ àgbà tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn ti mọ èyí láì ka ìwé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi aṣọ ìka méjì sílẹ̀ nínú ojú rírán.

Ètò ara yìí gbọ́n, kò ṣeé bú. Wọ́n ṣe é fún ọdún ìyàn, fún àsìkò tí iṣu ògbólógbòó ti tán tí tuntun ò tíì ta. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò mọ aṣọ ẹbí yàtọ̀ sí ìyàn.

Oúnjẹ tó tó fún ẹni tó ń fọn wá ṣeé ṣírò. Ìlànà kan tí àwọn oníṣègùn ń lò láti 1990 rèé: ìwọ̀n ara ní kílò lọ́nà 10, fi gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6.25 kún un, yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5; obìnrin á tún yọ 161, ọkùnrin á fi 5 kún un. Obìnrin ọlọ́dún 42 kan, kílò 85, sẹ̀ǹtímítà 162: ó jẹ́ bíi kálórì 1,490 lóòjọ́. Èyí ni owó iná ṣọ́ọ̀bù, kó tó dìde lórí ibùsùn. Bó bá ń rìn sókè sódò díẹ̀, lọ́nà 1.4, ó di bíi 2,090. Kó yọ 500, kó máa jẹ nǹkan bíi 1,600. Á máa sọ bíi ìlàjì kílò nù lọ́sẹ̀, jẹ́jẹ́ báyẹn.

Ibi tí 1,600 yẹn ti wá ṣe pàtàkì. Gaàrí Ìjẹ̀bú dùn, kíkan rẹ̀ ò láfiwé, ṣùgbọ́n giramu 100 rẹ̀ gbígbẹ ti tó bíi 350, purotíìnì inú rẹ̀ ò sì ju bíńtín lọ. Ẹni tó ń fi í sùn lójoojúmọ́ ń jẹ sítáàṣì, ó sì ń ta fíríìsà. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ń sá fún sàn jù ú lọ, nítorí omi pọ̀ nínú ewùrà, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Epo ni kí wọ́n ṣọ́: ṣíbí ńlá kan ti jẹ́ 120. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, purotíìnì bíi giramu 1.2 sí 1.6 fún kílò ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, àti gbígbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìyẹn ni ara á fi rí i pé fíríìsà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìlàjì kílò lọ́sẹ̀, láàárín oṣù kan, jẹ́ kílò méjì péré. Ẹni tó bá fẹ́ fi mẹ́wàá wálẹ̀ fún Ojúde Ọba, bíi oṣù márùn-ún kí Iléyá tó dé ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ ò tíì yan aṣọ rárá.