Bí ẹ̀bùn ṣe ń yọ eléré yunifásítì kúrò lórí pápá ní Amẹ́ríkà

Àjọ NCAA ló ń ṣòfin fún èyí tó pọ̀ jù nínú eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣeré fún iléèwé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, kó sì máa yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn yé èèyàn. Ọ̀rọ̀ owó ló ta kókó.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fowó ran ẹ̀ka eré ìdárayá iléèwé lọ́wọ́ rí ti di alátìlẹ́yìn lójú òfin, títí láé ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yá eléré ní mọ́tò, tàbí tó bá ìyá rẹ̀ san owó ilé, wọn kì í kọ́kọ́ bi í pé èló ni. Ohun tí wọ́n ń bi ni pé: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣeré lè rí irú oore yìí gbà? Bí kò bá lè rí i, ọmọ náà á kúrò lórí pápá títí iléèwé yóò fi bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kó fi iye owó ẹ̀bùn náà ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Òfin náà le débi pé, títí di 2013, iléèwé lè fún eléré ní búrẹ́dì bagel ṣe ìpápánu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ra á lára.

Ní 1987, NCAA fagi lé odidi sáà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti Southern Methodist University ní Texas, torí àwọn alátìlẹ́yìn ń sanwó fáwọn eléré lábẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀ sì mọ̀. Ó dunni pé ọmọdé tó gbowó ló máa ń pàdánù sáà eré rẹ̀, tí olówó á sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀.

Láti oṣù keje 2021, eléré lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Láti 2025, iléèwé fúnra rẹ̀ lè sanwó fún un. Síbẹ̀, àdéhùn tó bá tó 600 dọ́là pẹ̀lú ẹni ìta gbọ́dọ̀ hàn sí àwọn alábòójútó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ gidi ni, bí ìpolówó ọjà, tàbí ẹ̀bùn tí wọ́n fi aṣọ iṣẹ́ bò.

Àwọn ọmọ wa tó ń sáré níbẹ̀, bí Tobi Amusan ti Ìjẹ̀bú-Òdé ṣe sáré fún yunifásítì El Paso, tún ní ìdènà kejì: físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fàlàlà. Ohun tí NCAA gbà láàyè lè ba físà jẹ́. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní iléèwé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé àdéhùn náà lọ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.