Ta Ló Lè Fọwọ́ Síwèé fún Wa? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Lórí Dátà ní Èkó

Àwọn kan ní òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ẹni. N kò bá wọn jiyàn lórí òfin, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìyẹn ta ló lè fọwọ́ síwèé lórí ohun tó jẹ́ tiwa, ti wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan kọ̀ǹpútà.

Oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1863, wọ́n ṣòfin pé kí á máa forúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó àti Ẹ̀bùté Mẹ́tà. Ní 1866, wọ́n ka àwọn ènìyàn. Akọ̀wé ìjọba ń ya agbo ilé dé agbo ilé láàrin àwọn tó gbà pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Èmi gbà pé ìyá kan á ti ti ọmọ méjì mọ́ yàrá lọ́jọ́ náà, òun gan-an ni mo sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gbèjà dátà ní Èkó. “Àṣírí” pàápàá, ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Lárúbáwá wá, kì í ṣe ohun tí a fi pamọ́ nìkan: ẹni tó rí jẹ tó rí mu ni à ń sọ pé àṣírí rẹ̀ bò.

Àwọn olóyè onífìlà funfun, tó ni ilẹ̀, kò gbà pé ọba lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá a láre pé ìwé 1861 kò gba ohun-ìní lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹ fi dátà sípò ilẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Òfin ìforúkọsílẹ̀ olùgbé Èkó dé ní 2011, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìdáàbòbo dátà ní 2019, òfin rẹ̀ ní 2023, tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa wa, kí á tún un ṣe, tàbí kí á gba ìyọ̀ǹda wa padà.

Mo wà lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀ kan ní Erékùṣù nígbà tí ìyá àgbà kan tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò gbà á, nítorí ata lílọ̀ ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìka òun ṣe. Akọ̀wé náà nu gíláàsì, ó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀.”