Bí Àwọn Èèyàn Ṣe Kọ́ Láti Fi Ikú Wé Ikú

Bí wọ́n bá kéde òkú láàárín àwa Yorùbá, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ni pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni?” Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá a ó pa màlúù ká sì dá aṣọ ẹbí, tàbí ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún kú, a ní ó lọ sinmi. Ẹni àádọ́ta ọdún kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ láyé, ta ló máa dárúkọ ìnáwó níbẹ̀? Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé àwọn tó ń kọ iye òkú sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí àwa ń béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn ló bí ìwé òkú ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1603 ni ìwé náà ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí ẹnì kan bá kú ní àdúgbò ìjọ kan, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n gbà síṣẹ́ á lọ wo òkú náà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rò pé ó pa á, akọ̀wé ìjọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olówó ń ka ìwé náà kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá kúrò nílùú. Oníṣòwò aṣọ kan, John Graunt, ló jókòó ti àkójọ ìwé òkú ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì tẹ ohun tó rí níbẹ̀ jáde ní 1662. Kò sí ọjọ́ orí òkú kankan nínú ìwé tó ń lò (ọdún 1728 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í kún un), nítorí náà ó fi orúkọ àìsàn ṣe atọ́nà. Ó kó àwọn àìsàn tó mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń pa jọ, ó sì ṣírò pé nínú 100 ọmọ tí a bí, 36 ni kò ní pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ti àwọn àgbà, ó fojú bù ú ni: nínú tábìlì rẹ̀, èèyàn mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọdún 46.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Edmond Halley, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù kan, rí ohun tí Graunt kò rí. Caspar Neumann, àlùfáà ní ìlú Breslau, tó ń jẹ́ Wrocław nílẹ̀ Pólándì lónìí, ti kó àkọsílẹ̀ àwọn tó kú níbẹ̀ jọ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Òun ni Halley fi ṣe tábìlì tó tẹ̀ jáde ní 1693. Owó ló fẹ́ fi ṣírò, ìyẹn iye tó yẹ kí èèyàn san bí ó bá fẹ́ kí wọ́n máa fún òun ní nǹkan lọ́dọọdún títí òun á fi kú. Inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ti dàgbà, inú iṣẹ́ náà ni Benjamin Gompertz sì wà ní 1825 nígbà tó kọ òfin tí wọ́n ń pe mọ́ ọn títí dòní. Júù ni, ilé ìwé gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gba irú rẹ̀ láyè; òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò. Ó rí i pé bí èèyàn bá ti dàgbà tán, ewu ikú rẹ̀ á máa di ìlọ́po láàárín ọdún díẹ̀ síra, àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi í sí nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá ṣe pàtàkì.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ gbogbo òkú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn gidi dé. Edwin Chadwick, tó ń jà kí ìjọba tún ìlú ṣe, ti fi hàn nínú ìròyìn rẹ̀ ní 1842 pé bí a bá ro ọjọ́ orí gbogbo àwọn lébìrà tó kú ní Manchester pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ọdún 17 ló ń jẹ́, nígbà tí ti lébìrà ní Rutland, tó jẹ́ ìgbèríko, jẹ́ 38. Ohun ìtìjú ni, ó sì ran ìjà rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1844, nígbà tó ní kí gbogbo èèyàn máa fi ọ̀nà yìí wọn ìlera ìlú, F. G. P. Neison, oníṣirò adójútòfò, dá a lóhùn pé ọ̀nà náà ń ṣini lọ́nà.

Ẹjọ́ Neison yé mi dáadáa bí mo bá ro abúlé wa àti Èkó. Abúlé tí gbogbo ọ̀dọ́ ti ṣí kúrò níbẹ̀, tó ku bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ìsìnkú ibẹ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, àwọn òkú rẹ̀ á sì jẹ́ arúgbó. Àdúgbò tí ìkókó kún inú rẹ̀, ọmọdé ni púpọ̀ nínú òkú rẹ̀ á jẹ́. Méjèèjì kò tíì sọ fún wa ibi tí afẹ́fẹ́ tàbí omi ti burú. Neison mú àdúgbò méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Bethnal Green ti àwọn tálákà àti Hanover Square ti àwọn ọlọ́rọ̀, ó sì béèrè pé: bí ọjọ́ orí àwọn ará ibí bá rí bíi ti àwọn ará ọ̀hún, tí ewu ikú ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan kò sì yí padà, èèyàn mélòó ni ì bá kú? Bí a bá dá a lóhùn tán, ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín àdúgbò méjèèjì kò ní jẹ́ ẹ̀bi ọjọ́ orí mọ́. Ìbéèrè yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìfikúwékú tí a ń ṣe lónìí.

William Farr, ọmọ tálákà láti Shropshire tó wọ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní 1839, ló sọ irú ìṣirò yìí di iṣẹ́ ìjọba. Ó ṣa àwọn àgbègbè tí ara wọn le jù sọ́tọ̀, níbi tí èèyàn 17 ti ń kú nínú ẹgbẹ̀rún lọ́dún, ó sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Lójú rẹ̀, òkú tó bá lé lórí 17 jẹ́ òkú tí a lè dènà. Mo fẹ́ràn èrò yẹn gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan òṣùwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn àwọn olùgbé ọdún kan tí wọ́n á fi bí ọjọ́ orí wọn ṣe pín sí ṣe ìwọ̀n fún gbogbo ọdún yòókù. Amẹ́ríkà lo àwọn olùgbé rẹ̀ ti 1940 fún ìgbà pípẹ́, kó tó yí sí ti 2000.

Síbẹ̀, àárín ọjọ́ ayé ni ọ̀rọ̀ náà ti padà ta gbogbo ayé jí. Ní oṣù Kọkànlá 2015, Anne Case àti ọkọ rẹ̀ Angus Deaton, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Yunifásítì Princeton, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní ọdún 45 sí 54. Láti 1978 sí 1998, ìwọ̀n ikú àwọn aláwọ̀ funfun tó wà ní ọjọ́ orí yìí ń fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn 1998, ó yí padà, ó ń fi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Faransé, Jámánì, Kánádà, Swídìn àti Ìlú Ọba ṣì ń wálẹ̀ geere. Oògùn olóró àti oògùn apàrora, ọtí, àrùn ẹ̀dọ̀, àti àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn ló wà nídìí rẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tí kò kàwé kọjá girama. Wọ́n ṣírò pé bí ìwọ̀n ikú bá ń wálẹ̀ bó ṣe ń wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni kì bá tí kú láàárín 1999 sí 2013.

Kò pẹ́ tí Andrew Gelman ti Yunifásítì Columbia fi gbé ìbéèrè Neison dìde padà. Láti 1946, lẹ́yìn ogun, ni ìbí ọmọ ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọdún méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe ń gba ọdún 45 kọjá lọ sí 54, wọ́n fa ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ẹgbẹ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Nítorí òfin Gompertz, díẹ̀ yẹn tó láti gbé ìwọ̀n ikú sókè láìjẹ́ pé ewu pọ̀ fún ẹni 50 ọdún kankan. Òun àti Jonathan Auerbach tún un ṣírò, wọ́n rí i pé ìgòkè náà wà ní 1999 sí 2005, pé lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, àti pé ti àwọn obìnrin ló ń gòkè lọ. Ìyàtọ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì dúró digbí. Lójú tèmi, iṣẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bàjẹ́, ó túbọ̀ mọ́ kedere ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò gba ariwo tó bó ṣe yẹ. Ní 2013, ìwọ̀n ikú àwọn aláwọ̀ funfun tó wà ní ọjọ́ orí yẹn jẹ́ bíi 415 nínú 100,000. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ bíi 582. Ó ń wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ga jù ú lọ gan-an, àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ nípa ìgòkè ti àwọn ẹlòmíràn.

Nílé ńkọ́? Èkó ti ní òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú láti 1863, òfin tó sì kan gbogbo Nàìjíríà jáde ní 1992. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òkú wa ń wọ ilẹ̀ láìsí pé orúkọ wọn wọ ìwé kankan. A máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Òkú pàápàá, a kì í kà á. William Brass, ará Scotland tó ṣiṣẹ́ oníṣirò ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ló wá ọ̀nà fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà láàyè bóyá ìyá wọn àti bàbá wọn ṣì wà, ìdáhùn wọn á sì fi ikú àwọn àgbà hàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ọmọ ìyá ẹni, èyí tó jẹ́ pé nínú ìwádìí ìlera ti 2008, 2013 àti 2018, wọ́n bi àwọn obìnrin Nàìjíríà léèrè: mélòó ni ìyá yín bí, ta ló kù, ta ló kú, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kú? Ọ̀nà náà kò lè gbọ́ ohùn ilé tí gbogbo ọmọ ìyá ti tán.

Láti inú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ àti ìṣirò tí wọ́n gbé lé e lórí ni wọ́n ti ń rí iye àwọn tó ń kú láàárín ọdún 15 sí 60 ní orílẹ̀-èdè wa. Kò ì tíì ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti béèrè nípa ẹni ọdún 45 sí 54 ní Èkìtì tàbí Ọ̀ṣun ohun tí Case àti Deaton béèrè ní Amẹ́ríkà, kó sì rí ìdáhùn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé òkú kò pé. Iye àwọn tó wà láàyè tí a ó fi pín in pàápàá, láti ìkànìyàn 2006 ni wọ́n ti ń fojú bù ú, nínú èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà ti sọ pé ọmọ 50 tàbí 60 ọdún ni àwọn nígbà tí ọjọ́ orí wọn kò rí bẹ́ẹ̀.